Ewé Wo Ló Lè Kápá Bakitéríà Tí Oògùn Kò Ràn Mọ́? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ló kú káàkiri ayé nítorí pé bakitéríà tó kọlù wọ́n kò gba oògùn apakòkòrò mọ́. Bí irú ìròyìn báyìí bá ti jáde, kì í pẹ́ tí òmíràn fi ń tẹ̀ lé e: wọ́n ti rí ewé tó ń pa á! Lónìí aáyù ni, lọ́la oyin ni, lọ́túnla òróró tí wọ́n yọ lára igi kan ní Ọsirélíà. Ẹni tó bá ń ka gbogbo rẹ̀ á máa ṣe kàyéfì pé kí ló tún kù tí àwọn ilé ìwòsàn ń dúró dè.

Ìbéèrè kan wà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í sábà bi: níbo ni kòkòrò náà wà lára? Ṣé orí awọ ara ni, àbí inú egbò, inú àpò ìtọ̀, àbí inú ẹ̀jẹ̀? Ewé tó ń ṣe bẹbẹ lórí egbò lè má rí nǹkankan ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó ń dènà àrùn inú ìtọ̀ lè má lè wo èyí tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi to ìfiwéra yìí ní ibi-ibi lára, tí n kò tò ó ní ewé-ewé.

## Ẹ kọ́kọ́ wo àwo inú láàbù

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ kò díjú. Wọ́n á tẹ́ oúnjẹ bakitéríà sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á fi òwú ra kòkòrò náà sí gbogbo ojú rẹ̀, wọ́n á wá gbé bébà rìbìtì kékeré tí wọ́n ti rì sínú oje ewé lé e lórí. Wọ́n á ti àwo náà sínú ẹ̀rọ tó móoru bí ara ènìyàn, ní ìwọ̀n 37 ti Celsius, di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ṣí i, tí oje náà bá lágbára, wọ́n á rí i pé kòkòrò ti hù bo gbogbo àwo, àfi òrùka kan tó mọ́ kedere yí bébà náà ká. Òrùka yẹn ló ń di àkọlé ìròyìn.

Ṣùgbọ́n fífẹ̀ òrùka kì í ṣe ẹ̀rí agbára. Ohun tó bá tètè yó nínú omi á tàn jìnnà, òrùka rẹ̀ á fẹ̀. Òróró kì í tàn, nítorí náà òrùka rẹ̀ lè kéré kí òróró náà sì lágbára gan-an. Ohun tó yẹ kí ẹ wá nínú ìwádìí ni ìwọ̀n tó kéré jù tó dá kòkòrò dúró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà pé oje ewé odindi yẹ kó ṣiṣẹ́ ní máíkírógíráàmù 100 nínú mílílítà kan tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èròjà kan ṣoṣo ni wọ́n yọ jáde, máíkírógíráàmù 10 ni. Bí ẹ bá wá rí ìwádìí tó ń yọ̀ pé oje ewé kan pa kòkòrò ní mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan, ìlọ́po 200 ìwọ̀n yẹn nìyẹn. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kí lẹ̀ ń wá tí kò ní pa kòkòrò? Ọtí tí wọ́n fi yọ oje náà gan-an lè pa á.

Ẹ tún wo irú kòkòrò tí wọ́n lò. MRSA, ìyẹn *Staphylococcus aureus* tí oògùn methicillin àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò ràn, kò ní awọ kejì lóde ògiri rẹ̀. *E. coli*, *Klebsiella* àti *Pseudomonas* ní awọ kejì yìí, wọ́n sì tún ní pọ́ǹpù tó ń da oògùn padà síta bó ṣe ń wọlé. Ewé tó ń ṣẹ́gun MRSA pọ̀ jọjọ. Èyí tó ń ṣẹ́gun àwọn mẹ́ta yẹn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn dókítà jù lónìí. Tí ìròyìn bá kàn sọ pé "kòkòrò tó le", tí kò dárúkọ rẹ̀, èmi kì í ka á parí.

## Egbò àti awọ ara: ibi tí ewé ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ jù

Tí kòkòrò bá wà lóde ara, èròjà ewé lè kàn án tààrà ní ìwọ̀n tó pọ̀, láìgba inú ikùn, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí tó dára jù fi wà níbí.

Oyin mánúkà ni mo fi ṣáájú. Oyin kì í ṣe ewé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara òdòdó igi kan, *Leptospermum scoparium*, ni àwọn oyin ti ń fa èyí, ní Níú Sílándì àti Ọsirélíà, ara òdòdó náà ni agbára rẹ̀ sì ti wá. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Dresden ní Jámánì fi hàn pé methylglyoxal ló fún un ní agbára tí oyin mìíràn kò ní. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣúgà inú oyin èyíkéyìí ń fa omi kúrò lára kòkòrò, kíkan rẹ̀ sì ń dí i lọ́wọ́ láti hù. Ìyẹn ni pé ó ń gba ọ̀nà mélòó kan wọlé sí kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣòro fún kòkòrò láti di gbogbo wọn pa. Àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ti gbà á láyè fún dídi egbò láti ọdún 2007. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí lórí oyin àti egbò jọ lọ́dún 2015, wọ́n rí i pé ó ń mú ìjóná tí kò jìn tètè san ju ọ̀pọ̀ aṣọ egbò lọ. Lórí egbò ẹsẹ̀ tí àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ fà, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyin tí ẹ fẹ́ jẹ là ń wí o. Èyí tó wà fún egbò ni wọ́n ti fi ìtànṣán gamma pa àwọn *Clostridium* tó lè sá pamọ́ sínú oyin lára rẹ̀. Kí ẹ sì má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin lẹ́nu, irú oyin yòówù kó jẹ́.

Òróró tea tree, láti ara *Melaleuca alternifolia*, wúlò lọ́nà mìíràn. Àwọn kan máa ń ní MRSA lára tàbí nínú imú láìṣàìsàn, ilé ìwòsàn sì máa ń fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, wọ́n pín àwọn aláìsàn tó lé ní 200 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní ìpara àti ohun ìfọra tí tea tree wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún apá kejì ní oògùn tí ilé ìwòsàn ń lò. MRSA kúrò lára ìdá 41 nínú 100 àwọn tó lo tea tree, ó sì kúrò lára ìdá 49 nínú 100 àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ yẹn kò tóbi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo imú nìkan, mupirocin, oògùn tí ilé ìwòsàn ń fi sí imú, fọ ìdá 78 nínú 100 mọ́, tea tree sì fọ 47. Lórí awọ ara, tea tree ló borí. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí gan-an, torí pé ó fi hàn pé ohun kan náà lè borí ní ibì kan lára ènìyàn kan, kó sì fìdí rẹmi ní ibòmíràn lára ẹni yẹn kan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ lé ìlànà ISO 4730, tó sọ iye terpinen-4-ol tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e mì. Ó máa ń mú kí ọpọlọ dàrú, kí ẹsẹ̀ má sì lè dúró mọ́.

Aáyù ńkọ́? Ẹ mú abala aáyù kan tí ẹ kò tíì gé, ẹ gbóòórùn rẹ̀: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Ẹ wá fọ́ ọ. Òórùn tó sọ yẹn gan-an ni ìṣẹ́jú tí oògùn rẹ̀ ń dáyé. Èròjà kan tó ń jẹ́ alliin àti alliinase tó ń yí i padà wà nínú aáyù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí ẹ bá fọ́ ọ ni wọ́n pàdé, tí allicin sì jáde. Ọdún 1944 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Cavallito àti Bailey, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Allicin kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ̀wọ̀ fún bakitéríà kankan, yálà ó ní awọ kejì tàbí kò ní. Àmọ́ ẹlẹgẹ́ ni. Iná ń pa alliinase kí allicin tó jáde, oje ikùn ń dí i lọ́wọ́, a kì í sì í rí allicin fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ aáyù. Ẹni tó ń jẹ aáyù kí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ ń fàkókò ṣòfò. Ẹni tó sì di aáyù tútù mọ́ egbò lè jó awọ ara rẹ̀. Àwọn dókítà ti kọ àpẹẹrẹ irú ìjóná bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ léraléra.

Ibì kan ṣoṣo tí aáyù ti yà mí lẹ́nu ni ti oògùn ojú àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti tó nǹkan bí 1,000 ọdún. Aáyù, àlùbọ́sà tàbí ìbátan rẹ̀, wáìnì àti òróòro màlúù ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún òru mẹ́sàn-án. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nottingham pò ó bó ṣe wà nínú ìwé, ó sì pa MRSA bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn èròjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, agbára náà lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lé e lọ́dún 2020 fi hàn pé ó tún ń wọlé tọ àwọn kòkòrò tó kóra jọ, tí wọ́n fi ohun yíyọ̀ bora, èyí tó máa ń le fún oògùn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n oògùn inú láàbù ló ṣì jẹ́. Ẹ má pò ó sójú ara yín.

Ní ti yíyàn: egbò tó ṣí, oyin tí wọ́n ṣe fún egbò. Awọ ara tó dá ṣáká àmọ́ tí MRSA wà lórí rẹ̀, tea tree lè ṣe é. Inú imú, mupirocin. Aáyù, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìkòkò. Àtẹ yìí kó gbogbo wọn jọ, títí kan àwọn tí mo ṣì máa ṣàlàyé nísàlẹ̀.

| Ohun èlò | Ibi tó bá mu | Ohun tó ń ṣe fún kòkòrò | Ibi tí ẹ̀rí dé |
|---|---|---|---|
| Oyin mánúkà | egbò, ìjóná | pípa, fífa omi rẹ̀ | ara ènìyàn, ó dára |
| Òróró tea tree | awọ ara | ó ń ba awọ kòkòrò jẹ́ | ara ènìyàn, ó mọ níwọ̀n |
| Aáyù | kò tíì sí | pípa | láàbù |
| Cranberry | àpò ìtọ̀ | kò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara | ara ènìyàn, fún ìdènà nìkan |
| Uva-ursi | àpò ìtọ̀ | pípa nínú ìtọ̀ | ara ènìyàn, ó ní ewu |
| Ewé chestnut, èso Schinus | awọ ara | gbígba ohun ìjà rẹ̀ | eku |
| Èròjà ara Berberis | kò tíì sí | dídí pọ́ǹpù rẹ̀ | láàbù |

## Inú ìtọ̀: ẹ má da ìdènà pọ̀ mọ́ ìwòsàn

*E. coli* ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn ìtọ̀. Ó ní àwọn ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó fi ń dì mọ́ ara àpò ìtọ̀ kí ìtọ̀ má bàa gbá a lọ. Èròjà proanthocyanidin inú èso cranberry ń dí àwọn ìkọ́ yìí lọ́wọ́. Kò pa kòkòrò kankan. Nígbà tí Cochrane tún ẹ̀rí rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún 2023, pẹ̀lú ìwádìí 50, wọ́n rí i pé ó dín àrùn náà kù ní nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 fún àwọn obìnrin tó máa ń ṣe lemọ́lemọ́, àti ní ìdá 54 fún àwọn ọmọdé. Fún aláboyún àti àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ilé ìtọ́jú, kò sí àǹfààní tí wọ́n rí. Tí àrùn bá sì ti wọlé, tó ti ń gbóná tó ń ta, kòkòrò ti dì mọ́ ibi tó fẹ́ dì mọ́. Cranberry ti pẹ́ jù nìyẹn.

Uva-ursi yàtọ̀ pátápátá. Èròjà arbutin inú ewé rẹ̀ ń di hydroquinone nínú ara, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde láti pa kòkòrò. Ní Jámánì, wọ́n fún apá kan nínú àwọn obìnrin tí iye wọn jẹ́ 398 ní uva-ursi, wọ́n fún àwọn yòókù ní fosfomycin, oògùn apakòkòrò kan, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Uva-ursi dín oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò kù gan-an, ó kọjá ìdajì. Àmọ́ ìnira wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, àrùn náà sì gun kíndìnrín àwọn obìnrin mẹ́jọ, nígbà tó jẹ́ méjì péré ní apá fosfomycin. Kí ẹ tó kà á sí àṣeyọrí, ẹ bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ wà lára àwọn mẹ́jọ yẹn.

Àdàlù ewé mẹ́ta kan tún wà, BNO 1045, tí rosemary, lovage àti centaury wà nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2018 pẹ̀lú obìnrin 659, ìdá 83.5 nínú 100 àwọn tó lò ó kò nílò oògùn apakòkòrò mọ́, nígbà tó jẹ́ 89.8 fún fosfomycin. Èyí mú mi lórí yá ju uva-ursi lọ. Síbẹ̀, àwọn obìnrin tí àrùn wọn kò tíì díjú ni wọ́n dán an wò lára wọn. Kì í ṣe ọkùnrin, kì í ṣe aláboyún, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tí ibà sì ń ṣe. Àwọn yẹn gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

## Èyí tí kì í pa kòkòrò, tí mo sì gbẹ́kẹ̀ lé jù

Ó lè dà bí ẹni pé mo ń dójú ti ewé. Rárá o. Ibi tí mo rò pé ewé máa wúlò jù ni ibi tí kò ti pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo igi Berberis. Ó ń ṣe berberine, èròjà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń pa bakitéríà. Ṣùgbọ́n *S. aureus* ní pọ́ǹpù kan tó ń jẹ́ NorA, tó ń da berberine síta bó ṣe ń wọlé. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà rí i pé igi kan náà ń ṣe èròjà kejì, 5′-methoxyhydnocarpin. Tí ẹ bá fún kòkòrò ní èyí nìkan, kò tu irun kan lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó di pọ́ǹpù náà pa, kí berberine lè dúró sínú. Igi náà ti mọ̀ nípa pọ́ǹpù tipẹ́ kí àwa tó mọ̀. Èyí náà ló ṣàlàyé ìdí tí oje ewé odindi fi máa ń lágbára, tó sì máa ń di aláìlágbára nígbà tí wọ́n bá ya èròjà kan ṣoṣo sọ́tọ̀. Pọ́ǹpù yìí kan náà ló ń da àwọn oògùn bíi ciprofloxacin síta, nítorí náà ohun tó bá dí i lè mú kí oògùn tí a ti ń kọ̀ sílẹ̀ padà ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ Cassandra Quave ní Yunifásítì Emory ní Atlanta gba ọ̀nà mìíràn. *S. aureus* máa ń fi èròjà ránṣẹ́ síra wọn. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tó, wọ́n á jọ tú májèlé jáde. Lọ́dún 2015, wọ́n fi hàn pé oje ewé chestnut ilẹ̀ Yúróòpù, *Castanea sativa*, ń dí ìfiránṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2017 wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ nínú èso *Schinus terebinthifolia*, igi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èpò. Lára eku, egbò MRSA kéré níbi tí wọ́n ti lò ó. Kòkòrò náà kò kú, májèlé rẹ̀ ló dákẹ́, ó sì ku ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara láti gbá a mọ́. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ikú ńbẹ̀, ìdí tí kòkòrò fi máa yára yí padà kò le tó ti oògùn tó ń pa á.

Kò tíì sí ìkankan nínú méjèèjì tí ẹ lè rí lórí pẹpẹ oògùn. Ẹni tó ń wá ohun tó máa lò lónìí kò ní rí nǹkan mú níbí. Ẹni tó ń wá ohun tó fẹ́ ṣèwádìí lé lórí kò gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn lọ.

## Ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró

Kò sí ewé. Ó tán. Kò sí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń gún sí ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn lónìí tó wá láti ara igi.

Ẹnì kan á ní: artemisinin ńkọ́? Òótọ́ ni pé ara *Artemisia annua* ni Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà, ti rí i, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Àmọ́ kòkòrò ibà ló ń pa, bakitéríà kọ́. Ibi tí oògùn apabakitéríà ti wá lọ́tọ̀: pẹnisílìn ti ọdún 1928 wá láti ara ohun tó máa ń hù sórí oúnjẹ tó bàjẹ́, streptomycin ti ọdún 1943 wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀. Àwọn yẹn ń bá bakitéríà jà lójoojúmọ́ lórí oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ohun ìjà wọn fi mú. Igi sábà máa ń lo ọ̀pọ̀ èròjà tí kò le, lápapọ̀. Kódà àwọn oògùn ewé alápòpọ̀ tí FDA ti fọwọ́ sí, bíi ti ara tíì ní 2006 fún wọ́n-ọn-wọ́n ojú ara, àti ti ara *Croton lechleri* ní 2012 fún ìgbẹ́ gbuuru àwọn tó ní HIV, kò sí èyí tó wà fún bakitéríà nínú wọn.

Nítorí náà, bí ibà bá ń mú ẹni tí òtútù sì ń gbọ̀n ọ́n, tó ń mí gùlegùle, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn kíákíá.

## Tí ẹ bá fẹ́ lò ó pọ̀ mọ́ oògùn

Èròjà hyperforin inú ewé St John's wort ń pa MRSA nínú láàbù. Tí ẹ bá gbé ewé náà mì, ohun tó máa ṣe fún yín ni pé ẹ̀dọ̀ yín á máa yára lé oògùn mìíràn jáde: warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn HIV, oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí, oògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Cranberry náà lè da ìwọ̀n warfarin rú. Berberine kò yẹ fún aláboyún àti ọmọ tuntun. Ewé *Aristolochia* ni kí ẹ sá fún pátápátá, torí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe kánjú kọjá: kí wọ́n gba ìtọ̀ tàbí omi egbò yín fún àyẹ̀wò *kí ẹ tó* fi ohunkóhun sí i, yálà ewé tàbí oògùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èsì á jáde pẹ̀lú orúkọ kòkòrò náà àti àkójọ oògùn, èyí tó ń ràn án àti èyí tí kò ràn án. Àwọn ènìyàn máa ń wo apá tí kò ràn án, ọkàn wọn á sì pami. Ẹ wo apá kejì. MRSA tí kò ka methicillin sí ṣì máa ń gbọ́ ti vancomycin àti linezolid, nígbà mìíràn ti doxycycline tó jẹ́ oògùn àtijọ́ tó rọrùn láti rí.